Èrè Olùkọ́

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti di àṣà lẹ́nu àwọn ènìyàn ní ilẹ̀ Yorùbá: wọn a ní èrè olùkọ́ ń bẹ ní ọ̀run. Bí òbí ni ó sọ ọ́, ó lè jẹ́ pé ọpẹ́ ni ó fi ń dá. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí ó yẹ kí ó san owó ni ó sọ ọ́, ọgbọ́n àtisá fún gbèsè ni. Bí olùkọ́ fúnra rẹ̀ bá sì sọ ọ́, ẹ̀rín tí kò dé inú ni ó máa ń bá a rìn. Kò sí ẹni tí í sọ fún alágbẹ̀dẹ pé kí ó rọ ọkọ́ tán kí ó lọ gba owó iṣẹ́ rẹ̀ ní ọ̀run. A kì í sì í sọ fún onílù pé kí ó lùlù mọ́jú kí ó má retí ohun kan. Olùkọ́ ni a ń wí irú rẹ̀ fún. Ọ̀rọ̀ náà ní ìtàn, ìtàn náà sì kan akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń rò ó lọ́kàn pé bóyá iṣẹ́ olùkọ́ ni òun yóò ṣe.

Ní 1843 ni ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Bàdágìrì, àwọn ìjọ yòókù kò sì pẹ́ tẹ̀lé wọn. Láti ìgbà náà, àti fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀, ẹnì kan náà ni olùkọ́ àti ẹni tí ń bójú tó ìjọ. Láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì, òun ni yóò kọ́ àwọn ọmọ ní a-bí-dí àti ìṣirò; ní ọjọ́ Ìsinmi, òun ni yóò wàásù. Bí ènìyàn bá ṣàìsàn ní abúlé, òun ni wọn yóò ránṣẹ́ pè láti gbàdúrà; bí lẹ́tà bá dé sí ọwọ́ baálẹ̀, òun ni yóò kà á. Ilé tí ó ń gbé, ti míṣọ́n ni. Iṣu tí ó ń jẹ, nígbà mìíràn àwọn ọmọ ìjọ ni wọ́n gbé e wá. Owó tí a ń san fún un kò tó nǹkan, nítorí pé àwọn tí ó gbà á síṣẹ́ kò ka iṣẹ́ náà sí iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́. Iṣẹ́ ìránṣẹ́ Ọlọ́run ni wọ́n kà á sí. Báyìí ni èrè ṣe lọ sí ọ̀run.

Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ níṣẹ́, irú èyí tí ìjọ Ṣọ́ọ̀ṣì Míṣọ́n fi sí Ọ̀yọ́ ní 1896, St. Andrew's College, àti Wesley College tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1905, kò ya iṣẹ́ méjèèjì sọ́tọ̀ sí ara wọn. Ẹni tí ó bá jáde níbẹ̀ mọ Bíbélì bí ó ti mọ pátákó. Ìjọba Èkó pàápàá ti ń fi owó díẹ̀ ran àwọn míṣọ́n lọ́wọ́. Òfin ẹ̀kọ́ ti 1887 sì so owó náà mọ́ bí àwọn ọmọ bá ti ṣe tó nínú ìdánwò. Ohun tí ó tẹ̀yìn èyí jáde kò ṣòro láti mọ̀. Bí ọjọ́ alábẹ̀wò bá kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn ọmọ kò ní sùn, olùkọ́ kò sì ní sùn. Bí ibà bá dá ọmọ mẹ́ta tí ó mọ̀wé jù lọ dùbúlẹ̀ ní ọjọ́ náà, ìwọ̀nba owó tí yóò wọlé fún ọdún kan ni ó ti yingin nnì. Ó sì yani lẹ́nu pé títí di òní olónìí ni àwọn kan ṣì ń fẹ́ kí a fi àbájáde ìdánwò ọmọ wọn owó oṣù olùkọ́, bí ẹni pé a kò tíì gbìyànjú rẹ̀ rí.

Ìfọ̀kànbalẹ̀ kò sí nínú iṣẹ́ náà nígbà náà. Alábòójútó míṣọ́n lè fi lẹ́tà kékeré kan gbé olùkọ́ kúrò ní ìlú ní ìparí ọdún, kí ìyàwó olùkọ́ sì wà nínú oyún oṣù mẹ́jọ. Ẹrù ni wọn yóò dì. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ ìyàwó kejì, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn, ì báà jẹ́ pé òun ni ó mọ̀ọ̀yàn kọ́ jù ní gbogbo àgbègbè náà. Kò sí ibi tí yóò gbé ẹjọ́ náà lọ. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ilẹ̀ tiwa nìkan ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ni ó ń lé obìnrin kúrò lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ bí ó bá ti lọ sílé ọkọ, òfin ẹ̀kọ́ ti 1944 ni ó sì fi òpin sí i. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ New Jersey ni ó kọ́kọ́ ṣe òfin, ní 1909, pé a kò gbọdọ̀ lé olùkọ́ tí ó ti pé dé ìwọ̀n àkókò kan lẹ́nu iṣẹ́ láìjẹ́ pé a fi ẹ̀sùn kàn án tí a sì gbọ́ tẹnu rẹ̀.

Nígbà tí ọ̀dá owó mú gbogbo ayé lẹ́yìn 1929, owó tí ìjọba fi ń ran àwọn míṣọ́n lọ́wọ́ dínkù, àwọn míṣọ́n náà sì gé owó oṣù àwọn olùkọ́. Ó pẹ́ tí àwọn olùkọ́ ní Èkó àti ní Ìjẹ̀bú-Òde ti ní ẹgbẹ́ tiwọn, ṣùgbọ́n igi kan kì í dá igbó ṣe. Ní ọjọ́ 8 oṣù July ọdún 1931 ni wọ́n parapọ̀ ní Èkó tí wọ́n dá Ẹgbẹ́ Olùkọ́ Nàìjíríà sílẹ̀. Àlùfáà Israel Oludotun Ransome-Kuti, tí ó di ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ Grammar School ti Abẹ́òkúta lẹ́yìn náà, ni ààrẹ ẹgbẹ́ náà àkọ́kọ́, orí oyè náà ni ó sì wà títí di 1954. E. E. Esua di akọ̀wé àgbà ní 1943, ó sì fi gbogbo àkókò rẹ̀ ṣe é títí di 1964. Ẹ kíyè sí i pé àlùfáà ni ààrẹ yìí. Ó gbà pé èrè wà ní ọ̀run. Ohun tí kò gbà ni pé kí a fi ti ọ̀run gba ti ayé lọ́wọ́ ènìyàn. Ẹ̀bẹ̀ tí ẹgbẹ́ náà ń bẹ̀ kò pọ̀ ní iye, ṣùgbọ́n ó wúwo: kí owó oṣù olùkọ́ míṣọ́n bá ti olùkọ́ ìjọba dọ́gba, kí ẹni tí ó bá darúgbó lẹ́nu iṣẹ́ rí nǹkan jẹ, kí a má sì máa lé ènìyàn bí ẹni lé adìyẹ.

Ìyípadà ńlá dé ní ọjọ́ 17 oṣù January ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Olóyè S. O. Awokoya ni mínísítà ẹ̀kọ́. Àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ní 1954 jẹ́ 456,600. Nígbà tí yóò fi di 1955, wọ́n ti di 811,432. Ta ni yóò kọ́ wọn? Àwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ni wọ́n kó sí ọ̀pọ̀ kíláàsì, wọ́n sì ṣe é dé ìwọ̀n tí agbára wọn mọ. Láti ìgbà náà ni ó ti hàn gbangba pé iṣẹ́ olùkọ́ ti tóbi ju ohun tí ìjọ lè dá gbé, owó ìlú ni yóò sì máa gbé e. Ní àwọn ọdún 1970 ni ìjọba wá gba ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àwọn míṣọ́n, tí olùkọ́ sì di òṣìṣẹ́ ìjọba pátápátá.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ọ̀rọ̀ ti rí ní ìlú kan. Awo, tí ó wà ní ọ̀nà tí kò jìn sí Ẹdẹ, ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dọrẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ìpínlẹ̀ tí a dá sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù August ọdún 1991. Bí wọ́n bá gba olùkọ́ kan sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba níbẹ̀, ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ gbogboogbò ti ìpínlẹ̀ ni ó ń gbà á, kì í ṣe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Ó gbọ́dọ̀ ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Ìgbìmọ̀ Ìforúkọsílẹ̀ Àwọn Olùkọ́, èyí tí òfin 1993 dá sílẹ̀. Bí ó bá ní ìwé-ẹ̀rí N.C.E., ìpele keje ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ní oyè yunifásítì nínú ẹ̀kọ́ olùkọ́, ìpele kẹjọ ni. Ọdún méjì àkọ́kọ́, ìdánwò ni. Lẹ́yìn náà ni yóò gba lẹ́tà kejì, èyí tí ó sọ pé iṣẹ́ rẹ̀ ti fìdí múlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ olùkọ́ a máa fi lẹ́tà àkọ́kọ́ jó káàkiri ilé, wọn a sì gbàgbé láti béèrè èkejì, bẹ́ẹ̀ èkejì yìí gan-an ni ó ní agbára.

Agbára wo ni ó ní? Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti dá ọ̀rọ̀ náà sí wẹ́wẹ́ ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Iṣẹ́ tí òfin ìlú fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, ọ̀nà tí òfin náà là sílẹ̀ nìkan ni a lè gbà gbà á lọ́wọ́ ènìyàn: kí a fi ẹ̀sùn kàn án, kí ó mọ ẹ̀sùn náà, kí ó sì fèsì. Ní 1985, nínú ẹjọ́ Olaniyan àti àwọn yòókù pẹ̀lú Yunifásítì Èkó, ilé-ẹjọ́ náà sọ pé yunifásítì kò lè kàn fún àwọn olùkọ́ náà ní lẹ́tà ìkìlọ̀ kí ó sì ní kí wọ́n máa lọ. Ẹjọ́ tí ó tún tẹ̀ lé e ní òkìkí ni ti Ìlọrin. Ní 2001, wọ́n lé olùkọ́ mọ́kàndínláàádọ́ta kúrò ní Yunifásítì Ìlọrin lẹ́yìn tí wọ́n bá ẹgbẹ́ wọn kópa nínú ìdaṣẹ́sílẹ̀. Ọdún mẹ́jọ ni wọ́n fi wà lẹ́nu ẹjọ́. Nínú ọdún mẹ́jọ náà, owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ kò dúró, owó ilé kò dúró. Ní 2009, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá wọn láre, ó sì ní kí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìdájọ́ òdodo ni, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́jọ gùn fún ẹni tí ó ní ìdílé, kì í sì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ẹgbẹ́ lè dúró tì bẹ́ẹ̀.

Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kò ní irú odi yìí lẹ́yìn. Àdéhùn tí òun àti onílé-ẹ̀kọ́ jọ fọwọ́ sí ni òfin rẹ̀, òfin iṣẹ́ tí ó ń dáàbò bo àwọn òṣìṣẹ́ kékeré kò sì ka àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ amọ̀ṣẹ́dunjú mọ́ wọn. Bí ìwé àdéhùn náà bá sọ pé oṣù kan ni kí a fi kìlọ̀ fún ẹni tí yóò lọ, oṣù kan náà ni. Bí kò bá sí ìwé rárá, tí ó jẹ́ pé ẹnu lásán ni wọ́n fi sọ ọ́ ní ìyẹ̀wù onílé-ẹ̀kọ́, kí ni yóò gbé lọ síwájú adájọ́? Àwọn mìíràn kì í gba owó ní oṣù August nítorí pé ìsinmi ni, bí ẹni pé ikùn pẹ̀lú gba ìsinmi. Síbẹ̀, òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 kan àwọn onílé-ẹ̀kọ́ aládàáni pẹ̀lú: ẹni tí ó bá ní òṣìṣẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ máa dá owó sí àpò ìfẹ̀yìntì wọn. Ó yẹ kí olùkọ́ tí ó bá fẹ́ gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ béèrè rẹ̀ kí ó tó jókòó, nítorí pé lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ìtìjú kò ní jẹ́ kí ó lè béèrè.

Ní ti owó oṣù fúnra rẹ̀, iye rẹ̀ ni àwọn ènìyàn máa ń sọ, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ó ń wọlé pẹ̀lú ṣe pàtàkì. Ní 1991, ìjọba àpapọ̀ gbé ẹrù ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ka orí àwọn ìjọba ìbílẹ̀. Ẹrù náà wúwo jù fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, owó oṣù olùkọ́ sì di gbèsè olóṣù púpọ̀ ní ìpínlẹ̀ pọ̀. Nígbà tí yóò fi di 1993, wọ́n ti tún ètò náà yí padà. Ìdí nìyí tí ọkàn àwọn olùkọ́ kò fi balẹ̀ nígbà tí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù July ọdún 2024 pé kí owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn. Inú ọ̀pọ̀ ènìyàn dùn sí ìdájọ́ náà, ó sì ní ìdí tí ó fi yẹ kí ó dùn. Ẹgbẹ́ Olùkọ́ ní tirẹ̀ rántí 1991, ó sì ń béèrè pé kí a má ṣe fi owó oṣù wọn sílẹ̀ fún ìjọba ìbílẹ̀ nìkan. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá.

Ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ohun tí kò tíì kúrò lọ́kàn àwọn olùkọ́ ni àbọ̀ owó oṣù. Owó epo rọ̀bì wálẹ̀ ní ọjà àgbáyé ní 2014. Agbá kan tí ó ti ju ọgọ́rùn-ún dọ́là lọ kò tó àádọ́ta mọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2015. Ìpínlẹ̀ tí gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀ kò rí owó san fún oṣù mélòó kan. Ní àárín 2015, ìjọba Gómìnà Rauf Aregbesola ṣètò pé kí òṣìṣẹ́ tí ó wà ní ìpele keje sísàlẹ̀ máa gba owó rẹ̀ pé, kí ti ìpele kẹjọ sí ìkẹwàá máa gba ìdá mẹ́ta nínú ìdá mẹ́rin, kí ti ìpele kejìlá sókè sì máa gba ìdajì. (Kò sí ìpele kọkànlá nínú iṣẹ́ ìjọba.) Ètò náà ṣàánú ẹni kékeré, èyí kò ṣeé sẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí ọ̀gbẹ́ náà bá jù: olùkọ́ tí ó ti lo ogún ọdún, tí ó ní ọmọ méjì ní yunifásítì, tí ó ti yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù láti fi parí ilé. Ìdajì ni owó tí ó ń wọlé, odindi ni gbèsè tí ó ń jáde. Títí di 2018 ni ó fi rí bẹ́ẹ̀. Ìjọba tí ó tẹ̀ lé e dá owó oṣù padà sí pípé, ìjọba tí ó sì dé ní oṣù November 2022 bẹ̀rẹ̀ sí san díẹ̀díẹ̀ nínú gbèsè àtẹ̀yìnwá. Àwọn kan ti fẹ̀yìn tì kí ó tó kàn wọ́n. Àwọn kan sì ti kú.

Àwọn ìfẹ́ yòókù bí ìsinmi ìbímọ àti owó ọkọ̀ wà nínú òfin iṣẹ́ ìjọba, kò sì sí ìjà púpọ̀ lórí wọn. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ogbó ni ìjà wà. Ní ètò àtijọ́, olùkọ́ tí ó bá lo ọdún márùndínlógójì yóò gba owó kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, èyí tí wọ́n ń pè ní gírátúítì, tí ó jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta owó tí ó ń gbà ní ọdún kan; yóò sì máa gba ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ títí yóò fi kú. Bí ó bá jẹ́ pé 100,000 náírà ni ó ń gbà lóṣù nígbà tí ó ń lọ, gírátúítì rẹ̀ yóò jẹ́ 3,600,000 náírà, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ lóṣooṣù yóò sì jẹ́ 80,000 náírà. Lórí ìwé, ìtùnú ni. Ṣùgbọ́n ìjọba kò tọ́jú owó náà sí ibì kan. Láti inú owó tí ó bá wọlé lọ́dún náà ni wọ́n ti ń san án, nígbà tí àwọn arúgbó sì pọ̀, owó kò kárí.

Òfin 2004 ni ó mú ètò tuntun wá fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, àwọn ìpínlẹ̀ sì ń ṣe tiwọn tẹ̀ lé e. Láti ìgbà tí a ti tún òfin náà ṣe ní 2014, òṣìṣẹ́ ń dá náírà mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀, ẹni tí ó gbà á síṣẹ́ sì ń fi mẹ́wàá kún un, gbogbo rẹ̀ sì wà ní orúkọ òṣìṣẹ́ náà ní ọ̀dọ̀ àwọn tí a yàn láti máa tọ́jú rẹ̀. Èsúsú ni, bí a bá wò ó dáadáa, àwọn ìyá wa lọ́jà sì mọ òfin èsúsú: bí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ kò bá dá tirẹ̀, kíkó yóò di ìjà. Ní Ọ̀ṣun, wọ́n ti rí èyí. Àwọn olùkọ́ tí ó fẹ̀yìn tì lábẹ́ ètò tuntun dúró fún ọdún pípẹ́ kí ìpín ti ìjọba tó tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, wọ́n sì ti rìn wọ́ọ́rọ́wọ́ lọ sí ilé ìjọba ní Òṣogbo ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, àwọn mìíràn pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́. Nínú àwọn tí ń wò wọ́n bí wọ́n ti ń kọjá ni àwọn tí wọ́n kọ́ ní ìwé kíkà wà.

Gbogbo ayé ti fohùn ṣọ̀kan lórí bí ó ti yẹ kí ó rí. Ní ọjọ́ 5 oṣù October ọdún 1966, ní Paris, àwọn aṣojú ìjọba lábẹ́ àjọ UNESCO àti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé fọwọ́ sí ìwé kan lórí ipò olùkọ́. Ó wà nínú rẹ̀ pé kí owó oṣù olùkọ́ jẹ́ èyí tí òun àti ìdílé rẹ̀ lè fi gbé ìgbé ayé tí ó bójú mu, pé kí iṣẹ́ rẹ̀ má ṣe wà ní ìkáwọ́ ìbínú ẹnì kan, pé kí ó sì ní ohun tí yóò máa jẹ ní ọjọ́ alẹ́. Nítorí ọjọ́ náà ni a fi ń ṣe Ọjọ́ Olùkọ́ ní gbogbo ọdún láti 1994. Ìmọ̀ràn ni ìwé náà, kì í ṣe òfin tí a lè fi mú ẹnikẹ́ni, èyí sì ni ó fà á tí ìjọba fi lè máa ka á sókè ní ọjọ́ àjọ̀dún kí ó sì jẹ owó ní ọjọ́ kejì.

Fún ìlú bí Awo, ohun tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí kò fara sin. Olùkọ́ tí owó rẹ̀ kò pé kì í tètè sọ pé òun ń lọ. Yóò kọ́kọ́ ní oko kékeré kan lẹ́yìn ìlú, èyí kò burú. Lẹ́yìn náà yóò máa ta kírísí fún àwọn ọmọ ní àkókò ìsinmi. Lẹ́yìn náà yóò bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gbé òun lọ sí Òṣogbo tàbí Ẹdẹ, níbi tí ó ti lè rí ọmọ kọ́ nírọ̀lẹ́ fún owó, tí owó ọkọ̀ kò sì ní jẹ ìdá kan nínú owó oṣù rẹ̀. Nígbà tí ó bá rí i gbà, kíláàsì méjì yóò di ọ̀kan ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ó fi sílẹ̀, olùkọ́ tí ó kù yóò sì máa kọ́ ìpele kẹta àti ìkẹrin pọ̀, apá kan pátákó fún ti èyí, apá kejì fún ti èkejì.

Ní oṣù April ọdún 2022 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tí ó sún ọjọ́ ìfẹ̀yìntì olùkọ́ síwájú, láti ọmọ ọgọ́ta ọdún sí ọmọ ọdún márùndínláàádọ́rin, tàbí láti ọdún márùndínlógójì lẹ́nu iṣẹ́ sí ogójì ọdún. Olúkúlùkù ìpínlẹ̀ ni yóò gbà á wọlé fún àwọn olùkọ́ tirẹ̀. Àwọn kan yọ̀ sí i nítorí pé ìmọ̀ àgbà kò ní tètè kúrò ní kíláàsì. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó ti gba ìwé-ẹ̀rí tí ó ń wá iṣẹ́ kò yọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Níbi tí òfin náà bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n tí a bá gbà síṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025 kò ní kúrò títí di 2065, àwọn ọmọ ọmọ àwọn tí ó kọ́kọ́ kọ́ ni yóò sì kọ́ kẹ́yìn.